Ẹrù tí a fi ń Sáré: Ọ̀rọ̀ lórí Òjé àti Tungsten nínú Ọkọ̀ Eré-Ìje

(Àsọyé tí a ṣe níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí yóò kọ́kọ́ dàbí àlọ́ létí púpọ̀ nínú yín. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí yóò sáré kì í ru ẹrù. Ẹni tí ó bá ń lé ẹran nínú igbó yóò kọ́kọ́ sọ àpò èjìká rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ eré-ìje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Faransé àti Jámánì, àwọn tí wọ́n ń náwó bí ẹlẹ́dà kí ọkọ̀ wọn lè fúyẹ́, àwọn kan náà ni wọ́n ń lọ ra irin tí ó wúwo jù lọ tí owó wọn ká, tí wọ́n sì ń fi bóòtù dè é mọ́ inú ọkọ̀ náà. Kí ni ó fà á? Ṣé wèrè ni wọ́n ni, tàbí ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀?

Mo pín ìdáhùn mi sí ọ̀nà mẹ́fà: ohun tí ẹrù yìí jẹ́, òfin tí ó bí i, ìdí tí a fi ń gbé e sí ìsàlẹ̀, irú irin tí a ń lò, àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀tàn, àti ewu òun ìnáwó tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óo sọ ohun tí ó kàn wá níbẹ̀.

EKÍNNÍ: OHUN TÍ Ẹ̀RÙ YÌÍ JẸ́

Kí mọ́tò tó dé ayé ni àwọn atukọ̀ ojú omi ti mọ ẹrù ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo a máa léfòó jù, ìjì kékeré a sì dojú rẹ̀ dé. Nítorí náà ni àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ fi ń kó òkúta, iyanrìn tàbí irin sí abẹ́ ọkọ̀ wọn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tà á níbi tí wọ́n ń lọ, bí kò ṣe pé kí ọkọ̀ lè fìdí múlẹ̀ lójú omi. Ẹrù tí a kò tà, tí a kò jẹ, tí a kò sì gbọdọ̀ sọ nù: èyíinì ni mo ń pè ní ẹrù ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi yìí.

Ẹni tí kò bá kà á sí, omi yóò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, ọkọ̀ ogun ńlá kan tí à ń pè ní Vasa, ti ọba ilẹ̀ Sweden, ṣíkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú Stockholm. Òkúta tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 120 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìbọn àgbá àti igi tí a fi kan òkè rẹ̀ wúwo ju ohun tí òkúta náà lè dì mú lọ. Kò tíì rìn tó mítà 1,500 tí afẹ́fẹ́ fi tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi gba ojú ihò ìbọn wọlé, ọkọ̀ náà sì rì lójú gbogbo ará ìlú tí wọ́n wá wò ó. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ná ọjà lórí ọ̀sà tiwa náà mọ èyí láìka ìwé kankan: àpò tí ó wúwo ní í kọ́kọ́ wọlé, agbọ̀n tí ó fúyẹ́ ní í gbẹ̀yìn.

Láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ọgbọ́n náà ti bọ́ sí pápá ẹṣin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú eré ẹṣin kan tí a ṣètò kí agbára àwọn ẹṣin lè dọ́gba, ẹṣin tí a mọ̀ pé ó yára jù ni a ń fún ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù láti gbé. Bí ẹni tí yóò gùn ún kò bá wúwo tó ìwọ̀n tí a pè, a óo fi òjé pẹlẹbẹ sínú aṣọ abẹ́ gàárì kí ó fi pé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹrù yìí ń ṣe títí di ìsinsìnyí: nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń mú kí ọkọ̀ dúró, lórí ẹṣin, ó ń mú kí ìdájọ́ dọ́gba. Nínú ọkọ̀ eré-ìje, iṣẹ́ méjèèjì pàdé.

EKEJÌ: ÒFIN TÍ Ó BÍ I

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin kì í bẹ̀rù ọkọ̀ tí ó fúyẹ́. Ọkọ̀ tí ó wúwo ni ó ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1934, àwọn aláṣẹ eré-ìje ilẹ̀ Yúróòpù pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọn ju 750 kílò lọ, láìka awakọ̀, epo, omi àti táyà mọ́ ọn. Ìtàn kan wà tí a ń sọ pé ní ọdún náà, ọkọ̀ Mercedes kan fi kílò kan péré ré òfin kọjá, tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sì fi òru ha gbogbo ọ̀dà funfun ara rẹ̀ nù títí irin fi ń dán. Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí ìtàn yìí títí di òní, ṣùgbọ́n òfin náà kì í ṣe ìtàn. Ó wà ní tòótọ́.

Nígbà tí ó ṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn oníṣẹ́ gbọ́n sí i. Wọ́n ń dín irin kù, wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀ ṣófo, títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèpo. Ọkọ̀ tí ó bá sì fẹ́lẹ́ jù, inú rẹ̀ ni awakọ̀ jókòó sí nígbà tí ó bá kọlu ògiri. Nítorí náà ni òfin fi yí ojú padà: kàkà tí yóò fi wí pé, “Ẹ má ṣe kọjá ibi báyìí,” ó wí pé, “Ẹ má ṣe wálẹ̀ ju ibi báyìí lọ.” Ní ọdún 1961, nínú Ìdíje Àgbáyé tí à ń pè ní Formula 1, a pàṣẹ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 450 kílò lọ. Ní 1966, ó di 500. Láti 1995 ni a ti ń wọn awakọ̀ mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì di 595 kílò. Ní ọdún 2022, ó ti di 798.

Ibí gan-an ni ọgbọ́n náà fara sin sí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé òfin béèrè 600 kílò. Ẹgbẹ́ kan kan ọkọ̀ tí òun pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ wọn 600 gẹ́lẹ́. Ẹgbẹ́ kejì ṣe làálàá, wọ́n kan tiwọn, ó sì wọn 540. Lójú òṣùwọ̀n, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, nítorí ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ fi 60 kílò kún tiwọn kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà! Ẹgbẹ́ kìíní, ìwúwo ọkọ̀ wọn wà níbi tí ẹ́ńjìnnì àti irin ọkọ̀ gbé e sí. Wọn kò lè ṣí i nípò. Ẹgbẹ́ kejì ní 60 kílò lọ́wọ́ tí ó jẹ́ òmìnira, wọ́n sì lè tẹ́ ẹ sí ibikíbi tí ó bá ṣe ọkọ̀ náà ní àǹfààní. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ẹrù kún ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó ti kọ́kọ́ mú un fúyẹ́ ju gbogbo ayé lọ ni.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Bí a bá ti ń wọn awakọ̀ mọ́ ọkọ̀, awakọ̀ gíga tí egungun rẹ̀ nípọn a máa jẹ nínú ẹrù òmìnira náà. Awakọ̀ kúkúrú a sì dá a sí fún àwọn oníṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2009, nígbà tí a gbà kí ọkọ̀ máa gbé ẹ̀rọ kan tí ń kó agbára bíréèkì pamọ́, Robert Kubica, ọmọ ilẹ̀ Poland tí ó ga, fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú eré rẹ̀, nítorí ìwúwo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ti ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹrù òmìnira kù tó. Ẹnìkejì rẹ̀, Nick Heidfeld, tí ó kéré jù ú lọ, lò ó. Nígbà tí ó di 2014 tí ẹ́ńjìnnì tuntun tí ó wúwo dé, àwọn awakọ̀ gíga bẹ̀rẹ̀ sí fi ebi pa ara wọn. Èyí burú, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe ẹni tí a ń fi ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn lé lọ́wọ́ nínú eré tí ó ju 300 kílómítà lọ ní wákàtí kan.

Ní ọdún 2019 ni àwọn aláṣẹ rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n yọ awakọ̀ kúrò nínú ìṣirò ọkọ̀: awakọ̀ pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 80 kílò, bí kò bá pé e, a óo fi irin kún un, irin náà kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ìjókòó rẹ̀. Báyìí ni a fi mú kí àǹfààní ẹni tí ó kéré pin. Kò sì sí ẹni tí yóò tún fi ebi ra ipò.

ẸKẸTA: ÌDÍ TÍ A FI Ń GBÉ E SÍ ÌSÀLẸ̀

Gbogbo ohun tí ó wúwo ni ó ní ọ̀gangan kan tí ìwúwo rẹ̀ parapọ̀ sí. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá lé orí ìka kan, tí kò sì tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìka yín wà ní ọ̀gangan náà. Mọ́tò náà ní tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ìwúwo a máa yí lọ sí táyà ọwọ́ òsì. Bí ọ̀gangan náà bá ṣe ga tó ni èyí tí ó ń yí náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n di iṣu lé títí ó fi ga ju igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, bí ó ti ń fì nígbà tí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́. Ohun kan náà ni.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ìwúwo tí táyà òsì gbà ni táyà ọ̀tún pàdánù, kí ni ọkọ̀ sọ nù níbẹ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé táyà kì í san èrè ní ìdọ́gba. Bí a bá fi ẹrù ìlọ́po méjì lé táyà kan, kì í di ilẹ̀ mú ní ìlọ́po méjì. Ohun tí ó ń fi kún un kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, táyà mẹ́rin tí wọ́n pín iṣẹ́ dọ́gba di ilẹ̀ mú ju méjì tí wọ́n ń ru gbogbo rẹ̀ nígbà tí méjì ń ṣeré. Ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ni ó sún mọ́ ìdọ́gba yẹn jù lọ, òun ni yóò sì lè fi eré tí ó pọ̀ jù kọjá nínú kọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ọkọ̀ kan wọn 800 kílò, ọ̀gangan ìwúwo rẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ dín 50 kílò kù lára àwọn ohun tí ó wà ní gíga yẹn, wọ́n sì fi 50 kílò irin tẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dípò rẹ̀, ní gíga sẹ̀ǹtímítà 3. Ìwọ̀n ọkọ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀gangan ìwúwo rẹ̀ ti wálẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1.7. Lójú yín, èyí kéré. Lójú àwọn tí ń fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá pín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnìkejì níyà, oko ńlá ni.

Kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan. Iwájú àti ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀. Bí iwájú ọkọ̀ bá fẹ́ máa yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tàbí tí ìdí rẹ̀ fẹ́ máa sá jáde, awakọ̀ a wí fún àwọn oníṣẹ́ rẹ̀, wọn a sì ṣí irin díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, bí pápá eré kọ̀ọ̀kan ti rí. Fún ìdí èyí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń fi irin wúwo sínú ahọ́n pẹlẹbẹ tí ó yọ síwájú lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi tí kò ti ga sí ilẹ̀ ju ìbú ọwọ́ lọ. Ní ọdún 2011, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pirelli gba iṣẹ́ táyà tuntun, àwọn aláṣẹ tilẹ̀ dín òmìnira yìí kù kí ẹnikẹ́ni má baà fi oríire jèrè: nínú 640 kílò, 291 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lórí táyà iwájú, 342 lórí ti ẹ̀yìn. Kílò 7 péré ni ó kù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi ṣe ohun tí ó wù ú.

ẸKẸRIN: IRÚ IRIN TÍ A Ń LÒ

Bí ó bá jẹ́ ìwúwo nìkan ni a ń wá, àpò iyanrìn ì bá tó. Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ gbé e sí há, ó sì fẹ́lẹ́. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni irin tí ó ki, tí ìwúwo púpọ̀ wà nínú rẹ̀ ní àyè kékeré.

Lítà omi kan wọn kílò 1. Bí a bá fi aluminium kún inú ohun èlò kan náà, yóò wọn 2.7. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ yóò wọn nǹkan bí 7.9. Òjé, tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́, tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, yóò wọn 11.3. Tungsten yóò wọn 19.3, èyí tí ó bá wúrà dọ́gba gẹ́lẹ́. Uranium súnmọ́ ọn, ó jẹ́ nǹkan bí 19. Platinum jẹ́ 21.4, osmium sì jẹ́ 22.6, òun ni ó ki jù lọ nínú gbogbo wọn; ṣùgbọ́n owó àwọn méjì yìí kì í ṣe ohun tí a ń tẹ́ sí abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí jásí. Bí a bá fẹ́ kó 50 kílò òjé jọ ní pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1, yóò gba àyè tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 66. Tungsten yóò gba àyè tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 51 péré. Lábẹ́ ọkọ̀ tí a ti ṣírò gbogbo ìka ọwọ́ kan rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ju owó lọ.

Orúkọ tungsten wá láti inú èdè àwọn ará Sweden, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “òkúta wúwo.” Carl Wilhelm Scheele ti ilẹ̀ náà ni ó rí èròjà rẹ̀ nínú òkúta ní 1781, ní 1783, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Spain, Juan José àti Fausto Elhuyar, yọ irin náà fúnra rẹ̀ jáde. Iná tí yóò yọ́ ọ gbóná ju 3,400 lọ ní òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí irin mìíràn tí ó le lọ́wọ́ iná tó o. Nítorí náà, a kì í dà á bí a ti ń da òjé. A máa ń lọ̀ ọ́ bí ìyẹ̀fun, a óo pò ó mọ́ nickel àti irin tàbí bàbà díẹ̀, a óo tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí, a óo sì fi iná mú un títí yóò fi di ọ̀kan. Àpòpọ̀ yìí ki tó 17 sí 18.5, ó sì le. A lè gbẹ́ ẹ bí ó ti wù wá, a sì lè lu ihò bóòtù sí i. Òjé kò rí bẹ́ẹ̀: ó rọ̀, bí ọkọ̀ bá sì ń gbọ̀n, ihò bóòtù inú rẹ̀ a máa gbòòrò.

Nítorí pé tungsten bá wúrà dọ́gba ní ìwúwo, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan ti fi í sínú wúrà pẹlẹbẹ, wọ́n fi wúrà bò ó, wọ́n sì tà á bí ojúlówó. Òṣùwọ̀n nìkan kò sì lè tú wọn fó.

ẸKARÙN-ÚN: ÀWỌN TÍ WỌ́N FI ṢE Ẹ̀TÀN

Nígbà tí òfin bá dá lórí òṣùwọ̀n, ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí a máa dá lórí àkókò tí a ń gbé ọkọ̀ sí òṣùwọ̀n. Àwa tí a mọ òwò kòkó kò ní í ṣe àjèjì èyí. A mọ ẹni tí ń fi omi wọ́n àpò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí aṣọjà ń bọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1982, ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brazil, Nelson Piquet tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ni ó kọ́kọ́ dé, Keke Rosberg sì ṣe ìkejì. Ìgbà náà, ìwọ̀n tí òfin béèrè jẹ́ 580 kílò. Ọkọ̀ àwọn méjèèjì gbé àgbá omi kan tí wọ́n ní ó wà fún mímú bíréèkì tutù. Ọkọ̀ a tú omi náà sílẹ̀ ní kété tí eré bá bẹ̀rẹ̀, a sì fúyẹ́ ju òfin lọ títí dé òpin. Lẹ́yìn eré, kí a tó wọ̀n ọ́n, wọn a rọ omi padà, nítorí òfin gbà kí a rọ omi àti òróró tí ó bá ti tán. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́ wí pé omi yìí kò tu bíréèkì kankan lára. Àwọn adájọ́ gba ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n yọ Piquet àti Rosberg kúrò, Alain Prost sì di olúborí. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ̀ láti wá sí eré San Marino ní oṣù tí ó tẹ̀lé e.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ti Tyrrell. Ìwọ̀n ti di 540 kílò nígbà náà, òfin sì ti ka rírọ epo láàárín eré léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yòókù ti ń lo ẹ́ńjìnnì turbo tí ó lágbára ju ti Tyrrell lọ. Ọkọ̀ Tyrrell a máa dúró nígbà tí eré bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí wọ́n lè rọ omi sínú àgbá kan tí omi rẹ̀ wà fún ẹ́ńjìnnì. Ní Detroit ní oṣù kẹfà ọdún 1984, Martin Brundle, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kò tíì mọ̀, ṣe ìkejì lẹ́yìn Piquet. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀ fún un. Nígbà tí a yẹ omi àgbá náà wò, a bá hóró òjé wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Omi nìkan kọ́ ni wọ́n ń rọ. Òjé ni, kí ọkọ̀ lè pé ìwọ̀n nígbà tí ó bá dé iwájú òṣùwọ̀n. Àwọn aláṣẹ fagi lé gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ náà gbà ní ọdún náà. Ìkejì Brundle lọ. Ìkẹta tí Stefan Bellof ṣe ní Monaco náà lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 2005, lẹ́yìn eré San Marino, a fa epo inú ọkọ̀ Jenson Button tí ó ṣe ìkẹta gbẹ, a sì bá àgbá kejì nínú àgbá epo rẹ̀. Nígbà tí a fa ìyẹn náà gbẹ, ọkọ̀ wọn 594.6 kílò dípò 600. Epo ni wọ́n ń fi ṣe ẹrù ìsàlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n ó dá wọn lẹ́bi àìbìkítà àti àìṣe ohun gbogbo ní gbangba, ó sì dá wọn dúró fún eré méjì tí ó tẹ̀lé e.

Nítorí irú ọ̀ràn wọ̀nyí ni òfin fi wí pé ẹrù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a dè tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè tú u láìlo irinṣẹ́, kí àwọn aláṣẹ sì lè fi èdìdì dì í bí wọ́n bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í mọ ojú ẹni tí kò tàn án pàápàá. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2024, ní ilẹ̀ Belgium, George Russell fi ọgbọ́n pa táyà rẹ̀ mọ́, ó sì borí. Òfin béèrè 798 kílò. Nígbà tí a fa epo inú ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ, ó wọn 796.5. Kílò kan ààbọ̀ péré! Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀sùn ẹ̀tàn kàn án. Síbẹ̀ a gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi fún Lewis Hamilton.

ẸKẸFÀ: EWU ÀTI ÌNÁWÓ

Irin tí ó ki jù kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí pẹlẹbẹ rẹ̀ kan bá já bọ́ lójú eré, ọta ìbọn ni fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ pápá eré kéékèèké ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí a kun òjé ní ọ̀dà funfun, kí a sì kọ nọ́mbà ọkọ̀ sí i lára, kí a lè mọ ẹni tí ó ni ín bí ó bá já bọ́. Nínú Formula 1 pẹ̀lú, ègé irin wúwo tí a máa ń kàn mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́ ni a fi titanium rọ́pò ní 2015, nítorí irin wúwo náà a máa já, a sì máa ya táyà àwọn ẹlòmíràn.

Uranium tí a ti yọ agbára rẹ̀ kúrò ti ní ìtàn tirẹ̀. A ti fi í sí ìrù àwọn ọkọ̀ òfurufú Boeing 747 àkọ́kọ́ láti mú un dọ́gba. Ní 1973, Éric Tabarly, akọni atukọ̀ ilẹ̀ Faransé, fi í ṣe ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ alásìá rẹ̀ tí à ń pè ní Pen Duick VI, òun náà ni ó sì fi borí nínú eré àdágbé kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní 1976. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ọkọ̀ alásìá fi òfin de irin náà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa gbiná, ó sì ní májèlé nínú. Òjé pẹ̀lú ní májèlé. Ẹni tí ó bá ń dà á gbọ́dọ̀ ṣọ́ èéfín rẹ̀, kí ó sì wẹ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Tungsten kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti òjé lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá gbà á láyè, olówó yóò ti borí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ eré kan tí àwọn mẹ́ḳáníìkì lásán ń fi owó ara wọn sá fi kà á léèwọ̀, tí wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn lo òjé.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo rò pé ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe wèrè ni àwọn tí ń fi irin sínú ọkọ̀ eré-ìje. Ìwúwo kì í ṣe ọ̀tá eré; ìwúwo tí kò sí ní àyè rẹ̀ ni ọ̀tá. Ibi tí a bá sì pè ní orí, a kì í fi í tẹ ilẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ pẹ̀lú, a kì í gbé e gun orí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé. Èkíní kan àwọn tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù láàárín wa. Ẹ̀kọ́ tí àwọn olówó ń fi tungsten rà ni ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ pàṣẹ fún àwọn awakọ̀ yín kí wọ́n di sìmẹ́ńtì àti irin sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n di ohun tí ó fúyẹ́ sí òkè, kí wọ́n sì dè é kí ó má baà yí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni kọ́nà ti gbà ní ọ̀nà wa, kì í ṣe nítorí eré nìkan, bí kò ṣe nítorí ẹrù tí ó ga jù.

Èkejì kan gbogbo ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, ìbáà ṣe ní ọjà, ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, tàbí ní ìdí oyè. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 fi hàn pé òfin tí ó dára kì í fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí bí a ti bí i. Ìdájọ́ ti 2024 sì fi hàn pé òṣùwọ̀n tí ó bá ṣe ojúsàájú fún olúborí fún kílò kan ààbọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbàgbọ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ kò dùn sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé òṣùwọ̀n náà purọ́.